Àṣẹ Láti Jókòó Sórí Iyanrìn

Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, Atikori, Ìjẹ̀bú-Igbó

Pẹ̀lú ọkàn wíwúwo ni mo fi kéde pé èmi tí mo ti jáde póli ṣì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ màámi kí n tó lọ jókòó sórí iyanrìn.

Iyanrìn etí ọ̀sà ni, lọ́hùn-ún ní Ògùn Wọ́tásáìdì. Ṣadé ti gbà láti bá mi lọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ojúure rẹ̀; bí ìrìn yìí bá yẹ̀, mi ò mọ ẹnu tí n ó tún fi bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé iyanrìn tán n'Íjẹ̀bú-Igbó ni?" Màámi bi mí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já típà kan síwájú ilé aládùúgbò wa. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ jókòó lé e."

"Màámi, wọ́n ń ta ẹja tútù níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ṣé ó tóbi?"

"Bí apá mi, mà."

"Ó dáa. Ẹ lè lọ."

Mo borí! Mo rọra wọ yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn, mo sì jó bí wèrè. Póli ò kọ́ mi lásán.

ÌKÉDE: A ń fi tó gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn létí pé Màámi ń bá wa lọ láti yan ẹja fúnra wọn. Àárín èmi àti Ṣadé ni wọn yóò jókòó sí.