Ìlà Tí Ọkọ Mi Fi Ń Dí Àlàfo

Olóòtú ètò orí rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Ìwé ìròyìn ni ọkọ mi olóògbé ń kọ̀wé sí. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá kún ojú ewé, á fi ìlà kan nípa mi dí àlàfo tó kù nísàlẹ̀: “Ìyàwó mi ti ń pè mí wá jẹun, àyè ṣì kù.”

Mo bi í pé, “Bàbá wọn, ṣé èmi lẹ wá fi ń dí ihò?”

Ó ní, “Ṣé kì í ṣe ìwọ náà lò ń dí tèmi?”

Obìnrin tó gba iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ fẹ́ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Mọ́mì, kò sí àlàfo tí à ń dí níbẹ̀. Àwọn tó ń fi fóònù kàwé kì í ní sùúrù. A máa yọ àwọn ìlà yẹn.”

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá sì kọ̀, wọn kò ní kó wọn síbẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ-ọmọ wa tó wà lọ́nà jíjìn kò ní rí nǹkan kan kà.

Bàbá wọn, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ òṣèlú tí ẹ kọ ti di àná. Ìsàlẹ̀ ewé ni mo ṣì ń kà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n yọ mí?