Ẹ̀ka Kan, Ewé Oríṣi Méjì

Kotto, Ọjọ́bọ̀, 1993

Ọ̀gá wa, Mùsíọ̀ Pọ́ọ̀lù, ti yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé àbọ̀ iṣẹ́ igi kíkà tí a jọ ṣe nínú igbó. Owó oṣù wa tí ìjọba gé ò dùn mí tó èyí. Ó ní, "Ṣebí o kàn ń bá wa já ewé ni," ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ò ní tọ́jọ́.

Lọ́la ló máa sọ iye irú igi tó wà nínú igbó náà fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá gbọ́ àbọ̀ iṣẹ́ náà. Kò mọ̀ pé igi kan ṣoṣo lòun kà sí méjì, torí ewé rẹ̀ máa ń yí padà tó bá dàgbà. Mo ti fẹ́ sọ fún un tẹ́lẹ̀...

Mo ti rí ẹ̀ka kan tí ewé méjèèjì wà lórí rẹ̀. Àjákù aṣọ láti ìsọ̀ Màmá ní ọjà Marché Congo ni mo fi omi rin, tí mo fi wé e kó má baà rọ.

Màmá ní kí n fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Kò burú. Kí Ọlọ́run jà; èmi á bá a gbé ẹ̀ka náà dání.