Ilé Tí Wọn Kì Í Jẹ Ehoro

Sátidé, 1958

Ọkàn mi ti balẹ̀. Látìgbà tí òyìnbó tí mò ń fọṣọ fún ti wọ rélùwéè lọ, tó fi ehoro Àǹgórà ẹ̀ méjì onírun gígùn sílẹ̀ pé kí n wá ilé tó dáa fún wọn, oorun ò kùn mí. Ilé tó dáa, l'Ọ́fà! Gbogbo ẹni tó rí wọn ló ń béèrè ata.

Èmi tí mo sá kúrò ní sùkúù ni mo gbọ́n jù. Mo rántí Ìyá Àgbà kan n'Íjàgbò tí ehoro jẹ́ èèwọ̀ ilé wọn. Mo gbé wọn lọ bá a.

Ó fọwọ́ pa wọ́n lára. "A kì í jẹ ẹ́, àmọ́ ta ló ní ká má sìn ín?" Ló bá fà mí létí: "Ìwọ tó gbé e wá ti dọmọ ilé wa nìyẹn. O ò gbọdọ̀ jẹ ehoro mọ́ o." Mo búra.

Mo délé, ehoro ìgbẹ́ ni ìyá mi sè. Mo ti ẹran tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé ara ẹ ò yá ni?" ló bi mí. Mo ní mo ti yó. Àbúrò mi gba ẹran mi, ó ń rún eegun ẹ̀ létí mi.

Kó máa rún un. Gàrí tí mo yọ́ mu nígbà tó yá dùn bí oyin.