Aṣọ Ìsìnkú Tí Mo Tì Sábẹ́ Tábìlì

Ekenwan Road,
Benin City,
Ìpínlẹ̀ Bendel.
Ọjọ́ keje, oṣù keje, 1985.

Títíloyè, ìyàwó mi àtàtà,

O kú aájò ìyá wa láti oṣù mẹ́wàá yìí wá. Ṣé ara rẹ le? Ṣé Jíde àti Morọ́láyọ̀ ń jẹun dáadáa? Inú mi dùn pé ìyá ti ń dìde jókòó fúnra wọn, tí wọ́n sì ti ń bá ọ jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹni tó bá ti lè jà ti ń gbádùn nìyẹn. Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́.

O kọ̀wé pé Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí lẹ máa wọkọ̀ láti Ìkìrun padà wá bá mi. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lo ti máa mọ̀. Títí, ṣọ́ọ̀bù wa ò sí mọ́. Láti oṣù kẹrin ni mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Gbogbo ohun tí mo kọ sí ọ lẹ́yìn ìgbà náà, pé iṣẹ́ ń wọlé, pé àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n sinmi, irọ́ ni. Má tíì ju lẹ́tà yìí sílẹ̀, jọ̀ọ́.

Oṣù kejìlá tó kọjá ni nǹkan ti bàjẹ́. O ṣáà mọ Madam Comfort, obìnrin Edo tó ń ta páànù lódìkejì títì. Ìyá rẹ̀ kú, ó sì kó àrán wá kí n rán tirẹ̀ àti ti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin mẹ́ta fún ìsìnkú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fún mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa gbé aṣọ Kérésì dé. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, tiwa-n-tiwa ni mo fi ṣe o. Mo ti àrán sábẹ́ tábìlì, mo gbájú mọ́ aṣọ akọrin. Ìgbàkígbà tí Madam bá wá béèrè, mà á ní, "Madam, e remain small."

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó wá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ti parí. Ilà ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára mẹ́ta yòókù. Kò bú mi. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó ní, "Tailor, if na your people mama die, you for don sew am." Ó lọ. Mo tiẹ̀ pòṣé tẹ̀lé e.

Láti ọjọ́ náà, obìnrin àdúgbò kankan kò gbé aṣọ wọlé mọ́. Kò ká mi lára, torí mo ní àwọn èèyàn wa, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì Airport Road àtàwọn ará sẹkitéríàtì. Àfi bí báǹkì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn kiri. Adéyẹmí tó ń tẹ dùùrù lọ Kaduna, Fadékẹ́ akápò ìjọ àti ọkọ rẹ̀ lọ Abẹ́òkúta, ìjọba sì dá àwọn mìíràn dúró níṣẹ́. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, àwọn tí mò ń ránṣọ fún kò pé márùn-ún. Ọdún mẹ́sàn-án la ti wà ní ìlú yìí, mi ò lè fi èdè Edo ra ata. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Jíde tí mò ń nà torí pé ó ń bá àwọn ọmọ Edo ṣeré, òun ló gbọ́n jù mí lọ.

Mi ò rí ẹni bá sọ ọ́. Ọjọ́ Ìsinmi bí irú òní ló burú jù. Bí ìsìn bá parí, kálukú á mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ jẹun. Èmi á rìn dé ẹnu ọ̀nà báráàkì, mà á tún rìn padà, kí ilẹ̀ lè tètè ṣú.

Mo ti ríṣẹ́ ṣá. Mò ń ránṣọ lábẹ́ ọkùnrin kan ní Ekiadolor, Osagie lorúkọ rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni mò ń pè é. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé aṣọ wá ló ń kọ́kọ́ gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá tó bí i lọ́mọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dúró títí ó fi kàn án. Ojú tì mí nídìí máṣíìnì tí mo wà.

Mo sì ti lọ bẹ Madam Comfort. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín páànù, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Stand up. I don hear." Kò fún mi láṣọ. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń kí i, ó sì ń dáhùn.

Yàrá kan ni mo gbà báyìí. Ọkọ tí o máa bá níbẹ̀, abẹ́ ẹlòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí o bá ní kẹ́ ẹ dúró sí Ìkìrun títí n ó fi gbérí, mi ò ní bínú. Bó bá jẹ́ irọ́ tí mo pa ló dùn ọ́ jù, o jàre. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró. Àárò yín ń sọ mí, Títí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá.

Kí Olúwa fún ìyá lókun, kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí ọ̀nà má nà yín níbikíbi tẹ́ ẹ bá dojú kọ. Àmín.

Èmi ni ọkọ rẹ tó purọ́ fún ọ, tí kò ní purọ́ mọ́,
Àkànní.

Àfikún: Bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú yàrá náà kò fẹ̀. Ẹ̀bá ògiri ni mò ń sùn sí. Mi ò tíì sùn sí apá kejì rí.