Ọ̀rẹ́ Mi Ò Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ti Mọ́tò Rẹ̀

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má dárúkọ mi o; Òkòkòmáíkò ni mò ń gbé.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gba ọ̀nà ẹ̀yìn létí òkun lọ sí Àgbádárìgì, ni mọ́tò rẹ̀ bá rì sínú yanrìn. Àwọn bàbá apẹja fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n bá wa tì í jáde. Ọ̀rẹ́ mi ò tiẹ̀ sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀ kó dúpẹ́! Ó ní, "Wọlé jàre, ṣé wọ́n mọ̀ wá ni?"

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣebí ọ̀nà yẹn náà la máa gbà bọ̀!

Ó wá ní mo dójú ti òun. Bí mi ò bá bẹ òun, òun ò ní wá síbi ìgbéyàwó ọmọ mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, òun ni ẹ̀bẹ̀ tọ́ sí, àbí àwọn bàbá yẹn?