Kókó Ara Kíndìnrín Mi

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara mi ti ń yá, mo ń jẹun dáadáa.

Nígbà tí wọ́n yẹ kíndìnrín tí mo fẹ́ fún àbúrò mi wò, wọ́n rí kókó kan lára rẹ̀. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Kò gé bíńtín wò, odidi kíndìnrín ló yọ dànù! Lánàá ló wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ kú oríire, ọ̀rá lásán ni." Oríire ta ni? Ojú ò tilẹ̀ tì í! Nọ́ọ̀sì ní kí n dúpẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá kíndìnrín mi padà.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi dáadáa. Ẹ má tíì sọ fún un pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù sí mi nínú.