Òǹtẹ̀ Búrẹ́dì Màmá Brúnà

Màámi, ẹ kú ilé o. Dallas ò burú. Èmi àti Aishah ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. A wà ní Duncanville, nítòsí Dallas níbí, lọ́dọ̀ Màmá Brúnà, òyìnbó arúgbó tí mò ń tọ́jú. Inú ihò àpáta ni wọ́n bí wọn sí ní Màtẹ́rà, n'Ítálì, àwọn àti ìbaaka ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀! Ààrò búrẹ́dì kan ni gbogbo àdúgbò ń lò nígbà yẹn, torí ẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òǹtẹ̀ tó ń tẹ̀ sára búrẹ́dì, kí wọ́n lè dá tiwọn mọ̀. Lánàá Màmá tẹ tiwọn sára búrẹ́dì Aishah. Wọ́n ní, "Ará ilé mi nìyí. Kò sẹ́ni tó máa gbé e."

Ó dìgbà tójú mi tó wú bá rọlẹ̀ ká tó pera wa lórí fídíò. Tí bàbá Aishah bá pè, ẹ ò mọbi tá a wà o. Aishah ti jẹ búrẹ́dì yẹn. Mo tọ́jú ibi òǹtẹ̀. Ẹ kí Àǹtí Rokibat.